Ta Ló Mú Kọ́kọ́rọ́ Lọ́wọ́ Lóru? Ọjọ́ Mẹ́sàn-án ní Bahia pẹ̀lú Àǹtí Mi

Kí a tó gbéra

Àbúrò màmá mi ni mo bá lọ. Ẹni ọdún 68 ni Àǹtí, Pópó Àgùdà ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí wọn sí, orúnkún ọ̀tún sì ti ń yọ wọ́n lẹ́nu láti bí ọdún mẹ́ta. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá wọn àgbà pé Bahia, ìpínlẹ̀ kan ní Bràsíl, ni àwọn baba ńlá wọn ti padà wá sí Èkó, pẹ̀lú irinṣẹ́ káfíńtà àti orúkọ Potogí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí i kí ẹsẹ̀ tó kọ̀ fún àwọn.

A ò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì tí a ti ń jiyàn lórí ibi tí a ó máa sùn, nítorí pé àwọn tó ń fúnni ní físà fẹ́ mọ̀ ọ́n. Àǹtí fẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ńlá, irú èyí tí orúkọ rẹ̀ wà l'Ékòó, tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó tún wà ní Dubai. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ibi tí mi ò ti mọ ẹnì kankan, orúkọ tí mo mọ̀ ni kí o mú mi lọ bá."

Èmi fẹ́ pousada. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Bràsíl ń pe ilé àlejò kékeré: yàrá mẹ́fà, mẹ́jọ, mẹ́wàá, tí onílé ń bójú tó fúnra rẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé ẹyẹ bà sórí igi ni orúkọ náà ti wá. Mo ti sun òtẹ́ẹ̀lì ńlá rí nílùú mẹ́ta, kò sì sí èyí tí mo rántí orúkọ ẹnì kan nínú rẹ̀.

Níkẹyìn a pín in. Alẹ́ méjì àkọ́kọ́ àti alẹ́ ìkẹyìn, òtẹ́ẹ̀lì ńlá; àárín, pousada. Mo yẹ àwọn pousada tí mo ní lọ́kàn wò nínú Cadastur, ìwé orúkọ tí ìjọba Bràsíl fi dandan lé e pé kí gbogbo ilé ìgbàlejò wọ̀. Ọ̀kan wà tí àwòrán rẹ̀ wù mí ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n mi ò rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Mo fi í sílẹ̀.

9 àti 10 Oṣù Kẹjọ: Èkó, Addis Ababa, São Paulo, Salvador

Ọkọ̀ òfúrufú mẹ́ta. Ẹsẹ̀ Àǹtí wú láàárín Addis àti São Paulo. Ní São Paulo wọ́n bi wá ibi tí a ó dé sí, mo fi ìwé hàn wọ́n, ó tán.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ la dé Salvador, olú ìlú Bahia, òjò ń rọ̀. Aago ibẹ̀ fi wákàtí mẹ́rin kẹ́yìn tiwa, nítorí náà lójú ara wa, ọ̀gànjọ́ òru ti kọjá. Rélùwéè inú ìlú wà láti tòsí pápákọ̀ òfúrufú wọ àárín ìlú, owó rẹ̀ ò sì wọ́n, ṣùgbọ́n pẹ̀lú orúnkún Àǹtí àti àpótí méjì, takisí la wọ̀ lọ sí Rio Vermelho, àdúgbò etí òkun.

Níbi kàńtà òtẹ́ẹ̀lì ni wàhálà àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti san owó yàrá láti ilé, réàlì (owó Bràsíl) 410 lálẹ́ kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbà wá sọ pé kí n mú káàdì wá fún ìdógò réàlì 500. Káàdì náírà mi kọ̀. Ó tún un fi sínú ẹ̀rọ, ó tún kọ̀. Mo nawọ́ owó réàlì tí mo ṣẹ́ sí i, ó ní ètò àwọn ò gba owó wẹ́rẹ́ fún ìdógò. Kò ṣe àfojúdi rárá, ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un ló ń tẹ̀ lé. Àǹtí jókòó sórí àga, wọ́n ń wo èmi àti ọmọ náà, lẹ́yìn náà wọ́n ṣí àpò wọn, wọ́n sì mú káàdì dọ́là wọn jáde. Ìyẹn ṣiṣẹ́.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé èyí fún ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn mi, torí pé ó lè dá ènìyàn dúró síta lóru. Ìdógò yìí kì í kúrò nínú àkáùǹtì. Òtẹ́ẹ̀lì á ní kí báńkì so iye yẹn mọ́lẹ̀, kí oníkáàdì má lè fọwọ́ kàn án. Bí a bá jáde láìba nǹkan jẹ́, òtẹ́ẹ̀lì á ní kí wọ́n tú u, ṣùgbọ́n báńkì ló máa tú u, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí káàdì rẹ̀ ní gbèdéke lórí ohun tó lè ná lókè òkun lóṣù kan, owó tí wọ́n so yẹn ti jẹ nínú gbèdéke rẹ̀, ì báà má ná kọ́bọ̀. Káàdì dọ́là tí owó gidi wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ mú dání. Méjì sàn ju ọ̀kan lọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a wọlé, mo rí ohun tí Àǹtí sanwó fún. Ẹ̀rọ agbéniròkè gbé wa dé ẹnu yàrá. Irin ìdìmú wà nínú ilé ìwẹ̀. Omi gbígbóná ń tú jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ní àwòrán tó fi ọ̀nà àbájáde hàn bí iná bá ṣẹ́ yọ. Láago kan òru, mo pe kàńtà pé a fẹ́ yìnyín fún orúnkún. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi gbé e wá.

"Ṣé o rí i?" ni Àǹtí wí, wọ́n sì sùn lọ.

11 Oṣù Kẹjọ: Rio Vermelho

Ní Bràsíl, oúnjẹ àárọ̀ sábà máa ń wà nínú owó yàrá. Tábìlì òtẹ́ẹ̀lì kún: ìbẹ́pẹ, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ẹ̀gẹ́ sísè, wàràkàṣì, kúsíkúsì àgbàdo. Àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń kó àwo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí wa. Àǹtí jẹun yó, wọ́n sì wò yíká. "Oúnjẹ pọ̀ o. Ṣùgbọ́n ta ni a máa bi ní nǹkan?"

A wọ takisí gba Dique do Tororó, adágún omi inú ìlú tí àwọn ère òrìṣà ńlá dúró sí lórí omi. Ọlọ́kọ̀ náà ń dárúkọ wọn fún wa bí a ti ń kọjá: Oxum, Xangô, Iansã. Kátólíìkì paraku ni Àǹtí, síbẹ̀ wọ́n ń tún un ṣe fún un lọ́kọ̀ọ̀kan: Ọ̀ṣun. Ṣàngó. Ọya ni Ìyánsàn-án. Inú ọkùnrin náà dùn débi pé ó tún adágún náà yí po lẹ́ẹ̀kan sí i láìgbowó lé e.

Lálẹ́ a jẹ àkàrà ní gbàgede Rio Vermelho. Acarajé ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀wà ni, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, obìnrin aláṣọ funfun ló ń tà á. Ó tóbi tó ọwọ́ ènìyàn, wọ́n sì là á láàárín, wọ́n rọ ọbẹ̀ ilá àti edé gbígbẹ sí i. Èyí tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé, tí wọ́n sì sè, abará, ń run mọ́ínmọ́ín láti òkèèrè. Àǹtí bi ìyá alákàrà ní nǹkan ní Yorùbá, èyí rẹ́rìn-ín, ó fèsì ní Potogí, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì ò lè ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ọmọ orí kàńtà sọ nígbà tí mo bi í léèrè ìlú ni pé kí a máa pe takisí.

12 Oṣù Kẹjọ: Santo Antônio Além do Carmo

Òní la kó lọ sí pousada. Santo Antônio wà lẹ́yìn Pelourinho, àárín ìlú àtijọ́, gan-an, lórí òkè kan náà: àwọn ilé àtijọ́ tí ògiri wọn so mọ́ra, aláwọ̀ búlúù, aláwọ̀ ọsàn, ẹ̀yìn wọn kọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí omi ńlá Baía de Todos os Santos tẹ́ sí. Nígbà tí Àǹtí sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tí wọ́n rí àwọn fèrèsé gígùn àti iṣẹ́ ọnà orí wọn, wọ́n dúró. "Ilé àwọn bàbá wa ní Pópó Àgùdà nìyí." Wọ́n ò tíì wọlé rárá nígbà yẹn.

Àṣìṣe mi rèé: àtẹ̀gùn igi 22 ló wà láàárín ẹnu ọ̀nà àti yàrá tí mo gbà, ó sì rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Onílé ti kọ ọ́ sí mi nígbà tí mo bi í pé kò sí ẹ̀rọ agbéniròkè, pé yàrá ìsàlẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kò kọjú sí omi. Mo ti kà á. Omi tí mo rí nínú àwòrán ló gbà mí lọ́kàn. Ẹni tó bá ń bá àgbàlagbà rìn, kí ó bi onílé iye àtẹ̀gùn, kí ó sì gbà pé ìdáhùn yẹn ló ń pinnu yàrá.

Onílé náà, obìnrin tó lé ní 60 ọdún, wo ọ̀pá ọwọ́ Àǹtí, ó wo mi, kò sọ̀rọ̀. Ó gbé àpótí Àǹtí fúnra rẹ̀ wọ yàrá ìsàlẹ̀, ó sì fún èmi nìkan ní kọ́kọ́rọ́ òkè. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, iye kan náà ló kọ sílẹ̀ fún yàrá méjì tí ó ti kọ fún ọ̀kan: réàlì 230 lálẹ́ kan.

Kò béèrè ìdógò, kò béèrè káàdì. Ó ní kí a sanwó nígbà tí a bá ń lọ. Àwọn ará ibẹ̀ ń fi Pix sanwó, ètò orí fóònù tí báńkì àgbà wọn dá sílẹ̀ ní 2020, ṣùgbọ́n àwa ò ní àkáùǹtì ní Bràsíl tí a lè fi lò ó, nítorí náà owó wẹ́rẹ́ la fi san án. Ìwé kan ṣoṣo tó mú wá ni fọ́ọ̀mù tí ìjọba ní kí gbogbo àlejò kọ, ní ilé ńlá àti ní kékeré.

Ilé ìwẹ̀ dá ìjà sílẹ̀. Orí ẹ̀rọ omi náà ni iná ti ń mú un gbóná, wáyà méjì sì jáde látinú ògiri wọ inú rẹ̀. Àǹtí ní, "Iná àti omi, lókè orí mi? Ẹ bu omi sínú korobá fún mi." Onílé wọlé, ó fi ọwọ́ hàn wọ́n pé omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí, kí wọ́n má fọwọ́ kan bọ́tìnì nígbà tí omi bá ń ṣàn. Àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ilé ló ń lò ó ní Bràsíl. Àǹtí lo korobá.

(Iná Salvador jẹ́ 127 fóòltì, kì í ṣe 230 bíi tiwa. Áyọ́ọ̀nù tí a gbé láti ilé kàn lọ́wọ́ọ́wọ́ ni. Ní òtẹ́ẹ̀lì, áyọ́ọ̀nù wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Níbí, onílé gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi, ó sì lọ̀ ọ́.)

Aago mẹ́wàá alẹ́, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ méjì, ti yàrá àti ti ẹnu ọ̀nà ìta. Ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sórí ìwé, ó ní òpópónà kẹta sí ibẹ̀ ni òun ń sùn. Ó lọ. Mo sọ fún ara mi pé àwa nìkan ló kù nínú ilé yìí pẹ̀lú tọkọtaya kan láti São Paulo. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ìta wà lọ́wọ́ mi.

13 Oṣù Kẹjọ: Ilé ìdáná

Ọjọ́ yìí ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ dáadáa.

Tábìlì kan ṣoṣo ló wà fún oúnjẹ àárọ̀, nínú ilé ìdáná gan-an. Èmi ni mo ń fi fóònù túmọ̀ Potogí, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Onílé bèèrè ìdí tí a fi wá. Àǹtí sọ ọ́ fún un: ìyá àgbà, Pópó Àgùdà, àwọn tó padà wálé. Onílé mọ̀ pé àwọn kan padà. Ó mẹ́nu ba 1835, ọdún tí àwọn Mùsùlùmí dúdú, Malê, dìde ní Salvador yìí, tí wọ́n ṣẹ́gun wọn, tí ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn ènìyàn padà sí Áfíríkà. Kò mọ̀ pé àdúgbò kan ṣì wà l'Ékòó tó ń jẹ́ orúkọ wọn.

Àǹtí wá sọ pé, "Sọ fún un pé ní Fráìdè Rere, a kì í jẹ ẹran. Ẹ̀wà dúdú la máa ń sè, a ó lọ̀ ọ́ kúnná, a ó fi omi àgbọn sè é títí yóò fi ki. Ṣúgà wà níbẹ̀. A ó fi ẹja dínín jẹ ẹ́. Fùréjọ̀n la ń pè é."

Mo ń wá bí fóònù ṣe máa túmọ̀ fùréjọ̀n. Kò pọn dandan. Onílé ti gbé ife kọfí kalẹ̀. "Feijão?" Ó ń fi ọwọ́ fọ́ àgbọn lójú òfuurufú. "Feijão de leite! Semana Santa!" Ìyá tirẹ̀ láti Recôncavo, ẹkùn tó yí omi náà ká, máa ń sè é lọ́sẹ̀ mímọ́: ẹ̀wà lílọ̀, omi àgbọn, ṣúgà, ẹja.

Àwọn méjèèjì dákẹ́. Mo rí i tí Àǹtí fi ìka nu ojú. Nígbà tó yá onílé ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì da ẹ̀wà sínú omi.

Mo jáde fún wọn. Kí n tó lọ, onílé fi bírò ya ìlú sórí ẹ̀yìn ìwé: òpópónà tí mo lè gbà lọ́sàn-án nìkan, èyí tí mo lè gbà nígbàkigbà, àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó fi àmì ńlá sí pé kí n má gbà rárá. Mo rìn lọ sí Rosário dos Pretos, ìjọ tí àwọn ẹrú àti àwọn adúláwọ̀ tó ti gba òmìnira fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn, lákòókò tí kò sí àyè fún wọn nínú ìjọ àwọn olówó. Mo wọ Elevador Lacerda, ẹ̀rọ agbéniròkè gbogbo ìlú, tó ti ń gbé ènìyàn láti etí omi sí orí òkè láti 1873. Mo padà ní aago mẹ́ta.

Ilé ń run àgbọn. Àǹtí wà lórí ìdúró nídìí iná, ọ̀pá wọn wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, wọ́n ń ro ìkòkò. Onílé ń sọ Potogí, Àǹtí ń sọ Yorùbá, kò sẹ́ni tó dúró de ìtumọ̀.

Ilé tó ní yàrá 200 kò lè ṣe èyí, kì í ṣe pé inú wọn burú. Ẹni tó gbé àwo rẹ kò ní àyè láti jókòó, àlejò 300 ló ń dúró dè é. Mo sì mọ̀ pé orí ìwà ènìyàn kan ṣoṣo ni gbogbo ayọ̀ ọjọ́ yìí dúró lé. Bí ó bá jẹ́ pé onílé mìíràn ni, tí ojú rẹ̀ le, kò sí kàńtà tí mo lè gbé ẹjọ́ lọ.

14 Oṣù Kẹjọ: Cachoeira

Wákàtí méjì lórí bọ́ọ̀sì. Ìlú àtijọ́ ni Cachoeira, létí odò Paraguaçu, afárá irin gígùn láti 1885 so ó pọ̀ mọ́ São Félix lódì kejì. Àárín oṣù yìí ni ọdún Boa Morte, ẹgbẹ́ àwọn ìyá àgbà adúláwọ̀ tí wọ́n ń bọlá fún Màríà Wúńdíá, tí àwọn aṣáájú wọn sì ń kówó jọ láyé ọjọ́un láti ra ẹrú sílẹ̀. Gbogbo yàrá ti kún tipẹ́. Onílé wa ní Salvador ló fi fóònù bá ìyá kan sọ̀rọ̀ ní oṣù méjì sẹ́yìn, nígbà tí mo kọ̀wé sí i. A ò san owó kankan sílẹ̀, kò sí ìwé ẹ̀rí, ohùn lásán ni. Nígbà tí a dé, àlejò kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó fẹ́ san ìlọ́po méjì fún yàrá wa. Ìyá náà ti sọ fún un pé ó ní ẹni tó ni ín.

Lálẹ́, àwọn ìyá náà gbé ère Màríà yí ìlú po pẹ̀lú àbẹ́là. A rí wọn láti ojú fèrèsé.

15 Oṣù Kẹjọ: Ìlẹ̀kùn

Ọ̀sán dára. Àwọn ìyá náà yọ pẹ̀lú ìborùn pupa, ìlẹ̀kẹ̀ gun àyà wọn, bàǹdù ń fọn fèrè níwájú. Oúnjẹ wà fún gbogbo ayé, ìlù samba de roda ò dákẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Àǹtí jẹ feijoada ju bó ti yẹ lọ, iyọ̀ sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Láago méjì òru wọ́n kàn mí lára. "Ọmọ mi, orí ń fọ́ mi, ojú mi ń ṣú." Mo fi ẹ̀rọ wọn wọn ìfúnpá: 190 lórí 110. Wọ́n ti lo oògùn alẹ́. Mo wọṣọ, mo dì wọ́n mú, a sọ̀kalẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Ṣéènì wà lára ilẹ̀kùn irin náà, àgádágodo ńlá sì wà lára ṣéènì. Láti inú ni wọ́n ti tì í. Kò sí ènìyàn kankan níbi tábìlì. Mo pe fóònù ìyá onílé lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ń dún, kò gbé e. Mo gbá ilẹ̀kùn. Àǹtí jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n di orí mú, wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí jù. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Mo wo aago, nítorí náà mo mọ̀ ọ́n.

Ọmọ ìyá náà ló gbọ́, ọkùnrin bí ẹni 30 ọdún, tó ń sùn nínú ilé ẹ̀yìnkùlé. Ó sáré wá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, láìwọ bàtà. Kò bi mí ní ìbéèrè kan. Ó gbé Àǹtí lọ́wọ́ wọ inú ọkọ̀ rẹ̀, ó wa ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn, ó dúró tì wá, ó ń bá dókítà sọ ohun tí mi ò lè sọ. Ilé ìwòsàn ìjọba ni. Ní Bràsíl, wọ́n ń tọ́jú ẹnikẹ́ni tó bá dé ní pàjáwìrì lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ ìlú tàbí àlejò. Wọ́n fún wọn lóògùn, wọ́n tẹ́ wọn sílẹ̀. Ní aago márùn-ún ìfúnpá ti sọ̀ sí 150. Mo nawọ́ owó epo sí ọmọkùnrin náà, ó dá ọwọ́ mi padà.

Mi ò tíì lè yà á sọ́tọ̀ nínú ọkàn mi. Ilé tó tì wá mọ́ inú náà ló gbé wa lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ní òtẹ́ẹ̀lì, ilẹ̀kùn ì bá ti ṣí, ẹni orí kàńtà ì bá ti pe ọkọ̀, èmi nìkan ni mo sì máa wà pẹ̀lú Àǹtí níwájú dókítà tí n kò gbọ́ èdè rẹ̀. Mo mọ oore tí ọkùnrin yẹn ṣe. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé iná ló jó láàárín ìṣẹ́jú mọ́kànlá yẹn ńkọ́?

16 Oṣù Kẹjọ: Padà sí Salvador

Mo sọ fún ìyá onílé láàárọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ènìyàn ti ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Nítorí àwọn olè àkókò ọdún ló ṣe ti ilẹ̀kùn, ó ní kò ronú kan àlejò tó lè fẹ́ jáde lóru. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó mú òòlù, ó kan ìṣó sára ògiri lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó so kọ́kọ́rọ́ kejì kọ́ ọ níṣojú wa.

Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi pousada ṣáájú òní ni Wáífáì àti omi gbígbóná. Èyí tí màá máa fi ṣáájú báyìí ni: lóru, ta ló mú kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́, ibo sì ni ẹni náà ń sùn? Onílé Salvador ti dáhùn rẹ̀ kí n tó béèrè, nígbà tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ méjì. Ti Cachoeira, mi ò béèrè, ohùn rere tí mo gbọ́ lórí fóònù ti tó mi.

Ìrọ̀lẹ́, òtẹ́ẹ̀lì ńlá nítòsí pápákọ̀. Ìdógò lẹ́ẹ̀kan sí i, káàdì Àǹtí lẹ́ẹ̀kan sí i. Orúkọ tó wà lókè ilé bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ́ ti ẹni tó ni ilé: oníṣòwò ìlú ló máa ń kọ́ ọ, tí yóò máa san owó fún orúkọ náà, tí yóò sì máa tẹ̀ lé òfin tó bá orúkọ wá. Nítorí náà ọ̀kan lè dára, èkejì lè má dára, lábẹ́ orúkọ kan náà. Ṣùgbọ́n ìlànà nípa ilẹ̀kùn àti ọ̀nà iná àti ẹni tó ń jókòó sí kàńtà lóru wà lára ohun tí orúkọ náà ń mú wá. Kò mọ Àǹtí, ó mọ ilẹ̀kùn. Lálẹ́ òní, ìyẹn ni mo nílò. Kí n tó yọ bàtà, mo rìn dé òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn àbájáde wò. Ó ṣí.

17 Oṣù Kẹjọ: Ìpadàbọ̀

Aago mẹ́ta ààbọ̀ òru, wọ́n ti di oúnjẹ àárọ̀ sínú àpò fún wa, takisí ti dé. Ìfúnpá Àǹtí, 140. Wọ́n sùn láti São Paulo títí dé Addis.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ìbàdàn

Ìdógò òtẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ padà sórí káàdì Àǹtí lẹ́yìn ọjọ́ méjìlá, ti èkejì lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kò dín kọ́bọ̀.

Onílé Santo Antônio fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp lánàá. Ó fẹ́ mọ̀ bí ara Àǹtí ti rí, ó sì tún béèrè bóyá wọ́n máa ń bó èèpo ẹ̀wà kúrò kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sè é. Àǹtí gba fóònù lọ́wọ́ mi. Yorùbá ni wọ́n fi dá a lóhùn, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko, wọn ò sì jẹ́ kí n túmọ̀ rẹ̀.